Ta Ni Yóò Bá Wa Ṣọ̀fọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kéré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ẹranko tí ó dá lé lórí kò ju ohun tí ọwọ́ méjì lè bò lọ. Ṣùgbọ́n ìwà ni a fi ń mọ oníṣẹ̀ṣe, ibi tí ìwà sì ti ń hàn jù ni ọ̀dọ̀ ẹ̀dá tí kò lè gbèjà ara rẹ̀, tí kò sì lè san oore padà. Èrò mi ni pé ẹni tí ó bá so ìdè Ifá mọ́ ọwọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹranko tí ó fara pa ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ẹranko náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kẹ́rẹ́ ti fi Mainland sílẹ̀ fún ọkọ̀ àti kọnkéré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rìn nínú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọka ní òwúrọ̀ kùtù, tí ó sì gbójú sókè sí àwọn igi tí ó wà lápá ọ̀sà, yóò rí ìrù gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Nínú àwọn àgbàlá àtijọ́ ní Yábà àti Súrùlérè, níbi tí igi máńgòrò, igi furúntù àti ọ̀pẹ ṣì kù díẹ̀, ẹranko yìí ń gbé láàárín wa, ó ń jẹ ẹyìn, ó ń jẹ ìbẹ́pẹ, ó ń mú kòkòrò jẹ, kò sì bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa ju igi tí yóò gùn lọ. Igi yìí gan-an ni a sì ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n gé igi máńgòrò kan ní àdúgbò wa ní Súrùlérè láti fi àyè sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ẹ̀ka ńlá wó lulẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ kan bá a wálẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lẹ́yìn ti kán, ẹ̀jẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé kan ti mú òkúta dání kí ọmọbìnrin kan tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó sáré bọ́ sáàárín wọn, tí ó fi aṣọ àlòkù wé e, tí ó sì gbé e sínú páálí. Òru méjì ni ó fi ń ṣọ́ ọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀kẹ́rẹ́ náà ti kú. Ọmọ náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ohun tí àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ wí fún un ni pé, "Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ lò ń sunkún fún? Ẹran ọbẹ̀ lásán!" Wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó ń bá wa pé jọ níbi ọdún Ifá. Ẹ̀rín ti ẹni yìí ni ó dùn mí jù, òun ni ó sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Níbo ni a ti kọ́ ẹ̀rín yẹn? A kò kọ́ ọ lẹ́nu àwọn baba wa. Àwọn ni wọ́n sọ pé ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí yóò ti dùn ún tó. Ẹ jẹ́ kí a wo òwe yìí dáadáa. A máa ń fi ṣe ìkìlọ̀ fún ẹni tí ń ni ọmọnìkejì lára, a sì ti gbàgbé pé ọmọ ẹyẹ ni òwe náà dárúkọ. Bí àwọn àgbà kò bá gbà pé ìrora ọmọ ẹyẹ jẹ́ ìrora tòótọ́, òwe náà kò ní ìtumọ̀. Láti inú ìrora ẹyẹ ni wọ́n ti mú wa lọ sínú ìrora ènìyàn. Ẹni tí kò bá gba ìpìlẹ̀ náà gbọ́, báwo ni yóò ṣe gba ohun tí a kọ́ lé e?

Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ìmọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti babaláwo yóò rántí ìtàn tí Ifá sọ nípa ọ̀kẹ́rẹ́ tí a kìlọ̀ fún pé kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀, tí kò gbọ́, tí ó ń ké tantan lẹ́bàá ọ̀nà pé òun ti bímọ, pé ilé òun ti kún, títí tí ọmọ aráyé fi gbọ́, tí wọ́n sì wá kó àwọn ọmọ náà lọ. Ẹ̀kọ́ tí a máa ń fà yọ ni pé kí ènìyàn pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a wo apá kejì. Kí ni ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe? Ó yọ̀ nítorí ọmọ. Kò sí òbí kan nínú wa tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ifá fún ẹranko kékeré yìí ní aya, ó fún un ní ọmọ, ó fún un ní ayọ̀, ó sì fún un ní òfò. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí tí kò sì káàánú òbí tí wọ́n tú ilé rẹ̀ ká, ìdajì ìtàn náà ni ó gbọ́.

Ẹ tún wo àwọn ọdẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti fojú ẹran ọbẹ̀ lásán wo ẹranko, ọdẹ ni. Síbẹ̀, nínú ìjálá, àwọn ọmọ Ògún a máa ki ẹranko bí ẹni ń ki ènìyàn. Wọ́n mọ ìrìn rẹ̀, wọ́n mọ àwọ̀ rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí ó ń jẹ àti ibi tí ó ń sùn, wọ́n sì ń fi oríkì yẹ́ ẹ sí. Adébóyè Babalọlá tí ó ṣe ìwádìí ìjálá, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1966, fi ìsọ̀rí kan hàn wá tí ó jẹ́ ti oríkì ẹranko pátápátá. Òwe tí ó sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá, kì í ṣe ẹ̀gàn fún ọ̀kẹ́rẹ́ rárá. Ìyìn ni fún ẹ̀dá tí ó mọ ibi ààbò rẹ̀. Bí ẹni tí ń pa ẹranko jẹ bá lè yẹ́ ẹ sí tó bẹ́ẹ̀, kí ni àwíjàre àwa tí a kàn ń wò ó láti ojú fèrèsé?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń mi orí, tí ó ń sọ pé, "Ṣé àwa tí à ń fi ẹran rúbọ ni yóò máa ṣọ̀fọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́?" Ìbéèrè náà tọ́, mi ò sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn ọ̀tá ìṣẹ̀ṣe fi ń gbá wa lójú lójoojúmọ́. Ẹbọ ní òfin. Ifá ni ó ń sọ ohun tí a ó fi rú u, ẹni tí ó mọ ọ̀nà ni ó ń ṣe é, a ń bá ẹran náà sọ̀rọ̀, a ń sọ ohun tí a torí rẹ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀, a sì ń pín ẹran náà jẹ. Kò sí eré níbẹ̀, kò sí ìwà ìkà níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìwúwo ẹ̀mí tí a fi rúbọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bínú nígbà tí ọmọdé bá fi kànnàkànnà já ẹranko bọ́ lórí igi kí ó lè rí i bí yóò ṣe jà títí tí yóò fi kú. Ẹ̀mí tí a fi ń ṣe eré kì í ṣe ẹbọ fún òrìṣà kankan. Bí a kò bá lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ìwà wa, a kò ní lè fi hàn nínú àríyànjiyàn.

Apá kan ọ̀rọ̀ yìí wà tí ó kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ewé àti egbò ní Ojúwòyè ní Múṣin, a ó rí orí ẹranko, awọ ẹranko àti egungun ẹranko lórí àtẹ. Ìmọ̀ ìṣègùn wa jinlẹ̀, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n akika ti di ọ̀wọ́n nínú igbó wa nítorí pé à ń pa á ju bí ó ṣe ń bí lọ, oyún kan péré ni ó sì sábà máa ń ní lẹ́ẹ̀kan. Ifá fúnra rẹ̀ mọ ìpààrọ̀. Babaláwo tí ó mọṣẹ́ a máa di ìbò, a sì bi Ifá léèrè bóyá yóò gba nǹkan mìíràn. Mo bẹ ẹ̀yin àgbà, ẹ máa bèèrè. Ohun tí a bá jẹ tán lónìí, kí ni àwọn ọmọ wa yóò fi mọ oríkì rẹ̀ lọ́la?

Ó kù kí a sọ bí a ṣe ń ṣèrànwọ́, nítorí pé àánú tí kò ní ìmọ̀ lè pa ẹni tí à ń ṣàánú. Àwọn a-to-eegun wa ní ìmọ̀ àtijọ́ kan: bí wọ́n bá ń to ẹsẹ̀ ènìyàn, àwọn mìíràn a máa to ẹsẹ̀ adìẹ pọ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ tí adìẹ náà bá sì rìn ni wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ ènìyàn náà ti san. Èyí fi hàn pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni eegun ènìyàn àti eegun ẹranko ń gbà jinná. Ṣùgbọ́n ẹranko ìgbẹ́ kì í ṣe adìẹ. Ẹ̀rù ènìyàn nìkan lè pa á. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó fara pa, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbá a mú. Ẹ da aṣọ nínípọn bò ó, kí ẹ gbé e sínú páálí tí ẹ ti dá ihò sí lára, kí ẹ pa páálí náà dé, kí ẹ sì gbé e síbi tí ó ṣókùnkùn tí ariwo kò sí. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ fi aṣọ wé ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí apá kan páálí náà, kí ó lè sún mọ́ ọn tàbí kí ó sún kúrò. Ẹ má ṣe rọ omi sí i lẹ́nu, nítorí pé ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ṣe fún un ní mílíìkì màlúù, ẹ má sì fún un ní àgbo. Bí ó bá jẹ́ pé ológbò ni ó bù ú jẹ, kí ẹ tètè wá dókítà ẹranko, nítorí pé kòkòrò àrùn tí ó wà lẹ́nu ológbò máa ń yára pa ẹranko kékeré, bí ojú ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò fara pa ni ó bọ́ láti inú ìtẹ́, ẹ fi sílẹ̀ nítòsí igi náà fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ lé ajá àti ológbò jìnnà, nítorí pé ìyá rẹ̀ lè wá gbé e.

Igi gànǹgànran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lára àwọn ẹranko tí a ti bá kòkòrò àrùn mpox lára wọn, àrùn tí a ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1985 ni wọ́n rí i lára ọ̀kẹ́rẹ́ kan ní Zaire, tí a ń pè ní Kóńgò lónìí. Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ẹranko kéékèèké láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà fún títà, ọ̀kẹ́rẹ́ sì wà nínú wọn. Nǹkan bí ènìyàn 47 ni àrùn náà ràn níbẹ̀. Àrùn yìí sì ti ń yọjú ní Nàìjíríà láti ọdún 2017. Nítorí náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé gbé ẹranko ìgbẹ́ mọ́ àyà tàbí kí ó bá a sùn. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Olùrànlọ́wọ́ tí ó ṣọ́ ara rẹ̀ ni yóò lè ran òmíràn lọ́wọ́ lọ́la.

Ẹ má sì rò pé kò sí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó. Dókítà ẹranko Mark Ofua àti àjọ rẹ̀ tí ń jẹ́ Saint Mark's Animal Rescue Foundation ti gba ọ̀pọ̀ ẹranko sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú, bẹ́ẹ̀ náà ni Chinedu Mogbo àti àjọ Greenfingers. Akika àti àwọn ẹranko ìgbẹ́ mìíràn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń rà padà tàbí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń tà wọ́n, tí wọ́n ń tọ́jú, tí wọ́n sì ń dá padà sínú igbó bí ara wọn bá yá. N kò rí ìdí tí orúkọ ẹgbẹ́ oníṣẹ̀ṣe kankan kò fi ní wà láàárín àwọn tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Síbẹ̀, bí ọjọ́ bá pé, oògùn kì í jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹranko ìgbẹ́ tí ó fara pa ni yóò kú, bí a tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ wá di ti ọ̀fọ̀. Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa sunkún ẹranko. Lóòótọ́, àwọn òyìnbó ń sunkún ẹranko. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ New York gba ọ̀kẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ́ Peanut lọ́wọ́ Mark Longo, ẹni tí ó ti tọ́ ọ fún nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn tí ọkọ̀ pa ìyá rẹ̀. Wọ́n pa ọ̀kẹ́rẹ́ náà kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní àrùn dìgbòlugi. Àyẹ̀wò fi hàn pé kò ní in. Ẹkún tí àwọn ènìyàn sun nítorí rẹ̀ kọjá Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹkún kì í ṣe ohun tí òyìnbó dá sílẹ̀. Bí ajá ọdẹ bá kú sínú igbó, ṣé ọdẹ náà kì í bá ọkàn jẹ́ wálé ni? Ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, ọkàn rẹ̀ a máa so mọ́ ọn. Bí ó bá lọ, ibi tí ó so mọ́ náà á já, a sì máa dunni.

Àṣà wa ti mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tí òfò ṣẹ̀ ṣe é dá nìkan wà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ìkíni fún un, tí a fi ń lọ jókòó tì í, tí a kì í sọ fún un pé ohun tí ó sọnù kò tó nǹkan. Mo ń dá a lábàá pé kí a na ọwọ́ àṣà yìí dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ẹranko rẹ̀ kú. N kò sọ pé ètùtù kan wà fún òkú ọ̀kẹ́rẹ́ láti ayébáyé, nítorí pé a kò gbọdọ̀ hùmọ̀ ohun tuntun kí a sì pè é ní ti àwọn baba wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ní ohun èlò tí ó tó. Ilẹ̀ ni ó gba gbogbo wa, àti ènìyàn àti ẹranko. Kí àgbà kan bá ọmọ náà gbẹ́ ihò sí ìdí igi, kí ihò náà jìn tó tí ajá kò fi ní hú u, kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ gbé òkú náà sínú rẹ̀, kí wọ́n bu omi tútù sí ilẹ̀, kí ọmọ náà sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí àgbà náà sọ fún un pé, "O kú ìtọ́jú. O kú òfò. Kò kú sójú títì, kò kú sábẹ́ òkúta. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ti sinmi." Ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ó lè wà lọ́kàn ọmọ náà títí tí yóò fi dàgbà. Ẹ̀rín ẹ̀sín náà lè wà lọ́kàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwa ni a ó yan èyí tí a ó fi síbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn láti gbé òfò ni kí a fi ṣe iṣẹ́. Igi ni ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́. Ìjọba Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún gbígbin igi. Kí ẹgbẹ́ wa ní Yábà, ní Súrùlérè àti ní Múṣin mú ọjọ́ náà ní tiwa. Ọ̀pẹ ni ó so ikin tí Ọ̀rúnmìlà fi ń bá wa sọ̀rọ̀, ọ̀pẹ náà ni ó so ẹyìn tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ. Ẹni tí ó bá gbin ọ̀pẹ ti ṣe àwọn méjèèjì lóore. Ẹ rántí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Nítorí pé àwọn olùsìn Ọ̀ṣun kọ̀ kí a dọdẹ níbẹ̀, tí wọ́n kọ̀ kí a gé igi rẹ̀, tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, sì dúró tì wọ́n títí ó fi di olóògbé ní ọdún 2009, ìwọ̀n hẹ́kítà 75 igbó náà ṣì dúró, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Òrìṣà ni ó dáàbò bo ẹranko níbẹ̀. Kò sí ohun tí ó ní kí ìdí igi kan ní àgbàlá wa má jẹ́ igbó Ọ̀ṣun kékeré.

Ní ọdún 2023, ìjọba Èkó fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. A jà fún un, a sì yọ̀ nígbà tí ó dé. Láti ìgbà náà ni ojú ti túbọ̀ wà lára wa. Àwọn aládùúgbò wa kò ní ka ìwé Odù kí wọ́n tó mọ irú ẹni tí a jẹ́. Ìwà wa ni wọn yóò kà: bí a ṣe ń bá obìnrin sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń san gbèsè, bí a ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọdé bá gbé òkúta sókè sí ohun tí kò lè sá lọ. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni a ń kọ́ni. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yìn wá fún un.

Kí Ilẹ̀ má ṣe mọ́ wa lójú. Kí Ògún má ṣe jẹ́ kí a fi irin rẹ̀ hùwà ìkà. Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi tọ́jú àti àánú tí a ó fi ṣọ̀fọ̀. Àṣẹ.